Ọmọláńgidi Kàtúùnù: Ẹ Wo Ọ̀dà Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ohun ìṣeré tí a ṣe ní àwòrán àwọn ẹ̀dá inú fíìmù kàtúùnù kì í ṣe ti ọmọdé nìkan mọ́. Àgbàlagbà ń kó wọn jọ bí owó ẹyọ. Ní Trikania, inú òkìtì òkìríkà ni a ti ń rí wọn: Woody tí okùn ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, Buzz Lightyear tí kò fọhùn mọ́. Inú Toy Story ti 1995 ni àwọn méjèèjì ti wá.

Buzz ló wù wá jù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ilé bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó ná an. Bí omi bátìrì bá ti jẹ irin inú rẹ̀, ère lásán lẹ fẹ́ rà.

Ti Sarge ló gba àròjinlẹ̀. Jíìpù ológun inú fíìmù Cars (2006) ni. Irin ni wọ́n fi ṣe é, ó sì rẹwà. Ní oṣù kẹjọ 2007, ilé-iṣẹ́ Mattel ní kí àwọn oníbàárà dá a padà, nítorí òjé pọ̀ jù nínú ọ̀dà rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ó tó nǹkan bí 253,000. Ọ̀rọ̀ òjé kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn fún àwa tí a wà ní Àríwá: ní 2010, òjé inú òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara. Ọpọlọ ọmọ kékeré ló máa ń bà jẹ́, ọmọ kékeré kì í sì í rí nǹkan kó má fi sẹ́nu.

Nítorí náà, Sarge tí ẹ kò mọ ọdún tí wọ́n ṣe é, tí ọ̀dà rẹ̀ sì ń ṣí, orí pẹpẹ gíga ni kó wà. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín nílé.