Adójútòfò Ajá àti Ológbò: Ta Ni Ó Ṣe Àǹfààní Fún?

Ìfáárà

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà 'adójútòfò' palẹ̀, 'a-dójú-tì-òfò' ni a óò rí: ohun tí ó ń dójú ti òfò. Ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ mọ èdè lò, ṣùgbọ́n orúkọ náà ju iṣẹ́ tí nǹkan ọ̀hún ń ṣe lọ díẹ̀. Adójútòfò kì í dá òfò dúró; ajá tí ọkọ̀ kọlù ti fara pa ná. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń pín ìnáwó tí ì bá wó lu ẹnì kan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Iṣẹ́ yìí yóò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ti ẹran ọ̀sìn inú ilé, pàápàá ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gbé báyìí, tí àwọn ọmọ wọn sì ń yọ wọ́n lẹ́nu pé kí wọ́n ra ajá fún àwọn.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀

Orí ẹran tí ń mú owó wọlé ni ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, ní ọdún 1890, ẹṣin àti màlúù ni a kọ́kọ́ ṣe é fún. Ó di ọdún 1924 kí ó tó kan ajá. Ó dé Ìlú Ọba ní 1947. Ní Amẹ́ríkà, Lassie, ajá orí tẹlifíṣọ̀n, ni a kọ́kọ́ fún ní irú ìwé àdéhùn yìí ní 1982. Ní Nàìjíríà, ẹran àgbẹ̀ ni a mọ̀ ọ́n mọ́ jù, nípasẹ̀ ètò tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1987, tí ó di àjọ NAIC ní 1993.

Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí á fojú fò. Bí màlúù bá kú, iye tí màlúù tó ni a ń wò. Ajá inú ilé yàtọ̀: owó ìwòsàn rẹ̀ ni a ń san, owó náà sì lè ju iye tí a fi ra ajá lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ìfẹ́ ni ó ń mú ènìyàn san án, ọjà kọ́.

Kì í ṣe èsúsú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ojú èsúsú wo adójútòfò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣì í mú. Nínú èsúsú, ohun tí a dá ni a óò kó. Bó pẹ́ bó yá, yóò kan olúkúlùkù. Nínú adójútòfò, ẹni tí ajá rẹ̀ kò ṣàìsàn kò ní kó kọ́bọ̀. Ajá ẹlòmíràn ni a fi owó rẹ̀ wò. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó òṣìṣẹ́, kí ó sì jèrè, ìjọba Ìlú Ọba sì ń fi owó orí 12% kún iye tí oníbàárà ń san. Nítorí náà, bí a bá pa gbogbo oníbàárà pọ̀, ohun tí wọ́n ń san wọlé ní láti ju ohun tí wọ́n ń gbà padà lọ. Ẹni tí ó bá rà á nítorí èrè ti ṣi ọjà rà.

Kí ni a wá ń rà? Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá ń san £30 lóṣù fún ọdún 10 yóò ti san £3,600. Bí ajá náà bá le koko títí ó fi dàgbà, owó yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n bí iṣan orúnkún rẹ̀ bá já ní ọdún kejì, iṣẹ́ abẹ lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí olówó rẹ̀ kò tíì tọ́jú ju £720 lọ. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń ṣe fún ènìyàn kò kan ẹranko. Àjọ tí ń mójú tó ìdíje ọjà ní Ìlú Ọba tilẹ̀ rí i pé owó ìtọ́jú ẹran gòkè ní 63% láàrin ọdún 2016 sí 2023. Ẹni tí kò rówó san lè di ẹni tí yóò ní kí wọ́n gún ajá tí ó ṣeé wò sàn ní abẹ́rẹ́ ikú, lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìpinnu yẹn ni adójútòfò ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: bí dókítà ẹran bá dárúkọ £4,000 lọ́la, ǹjẹ́ mo lè san án? Ẹni tí ó lè san án láìjẹ gbèsè kò nílò adójútòfò. Kí ó máa fi owó náà pamọ́ sí báńkì. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ń tán kí oṣù tó parí gan-an ni ó wúlò fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni sísan rẹ̀ ń ni lára jù. Fún aláìní tí ń gba ìrànwọ́ ìjọba, àjọ aláàánú PDSA, tí Maria Dickin dá sílẹ̀ ní London ní 1917, lè bá a wo ẹran lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú.

Ohun tí ó wà nínú ìwé àdéhùn

Ìwé àdéhùn kò rí bákan náà. Òmíràn ń wo ìjàǹbá nìkan. Òmíràn ń sanwó àìsàn kan fún oṣù 12 péré, lẹ́yìn náà ó di ti olówó ajá. Òmíràn sì ń tún iye rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún níwọ̀n ìgbà tí a kò bá dá sísan dúró. Ti ìkẹyìn yìí ni ó wọ́n jù, òun náà ni mo gbà pé ó níláárí jù, nítorí àtọ̀gbẹ àti ara yíyún kì í tán lóṣù 12. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sí nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Iye kan wà tí olówó ajá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àpò ara rẹ̀ san, bí ajá bá sì ti ń darúgbó, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ní kí ó dá ìpín kan nínú gbogbo owó tí ó kù.

Èyí tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni àìsàn tí ó ti wà ṣáájú àdéhùn. Bí ajá bá tiro níwájú dókítà lónìí, tí dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ti jáde kúrò nínú àdéhùn tí a bá ṣe lọ́la.