Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé àlejò ni Òṣòdì Tápà l'Ékòó?

Àríyànjiyàn "ta ló ni Èkó" tún gbòde.

1. Ọmọ Tápà ni Landuji Òṣòdì, tí wọ́n ní a fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò Òṣòdì. Ààfin Ọba Òṣìnlókun ló dàgbà sí, ó sì di balógun Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó ní 1851, ó bá ọba sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1862 ló padà, tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ sì tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó.

2. Ẹlòmíràn á ní Àwórì ló ni ilẹ̀. Òótọ́ ni, ìlú Àwórì ni Ìsọlọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣòdì. Àmọ́ ẹni tó bá ọba Èkó jìyà títí dé Ẹ̀pẹ́ ti kúrò ní àlejò.

Ẹ pín in fáwọn tó ń jiyàn.