Ẹ má tíì pa fídíò inú fóònù yín rẹ́

Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá àgbà wa ní Kambolé, a ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, a yá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, gbogbo ẹbí sì jókòó. Èmi ni mo ya fídíò tí a fẹ́ wò. Ìṣẹ́jú 12 ni. Ìyá àgbà ń ki ìdílé wa, ó ń dárúkọ àwọn baba ńlá wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ jáde dáadáa. Ojú rẹ̀ ni kò jáde. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan láti ẹ̀yìn gíláàsì tí òjò ń rọ̀ sí.

Wọ́n ní fóònù mi ni kò dáa. Fóònù náà kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Mo ti fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Lomé lórí WhatsApp, nígbà tí fóònù mi sì kún, mo pa ti inú rẹ̀ rẹ́. Mo rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Mo ti lọ sílé ìwé ìròyìn o, síbẹ̀ mi ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ti wá mọ̀ báyìí.

Fídíò kì í ṣe àwòrán tó ń rìn. Àwòrán tó dúró sójú kan ni, tí ẹ̀rọ ń yára ṣí tẹ̀ lé ara wọn, 25 tàbí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ojú wa fi ń rò pé wọ́n ń rìn. Àwòrán kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àkójọ àmì tíntìntín, àmì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Tí fóònù bá kọ 1080, àmì 1920 ló wà ní ìbú, 1080 ní òòró. Tí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù méjì nínú àwòrán kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wo fíìmù Yorùbá láti ayé àwo VCD, àmì 352 sí 288 péré ló wà nínú àwòrán ìgbà náà, àwo kan kì í sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Ó wà lára ìdí tí fíìmù kan fi ń jẹ́ apá kìíní àti apá kejì. Lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré, kò burú. Ẹ gbé e sára ògiri, ẹ ó rí i bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó bíríkì.

Tí fóònù bá fẹ́ tọ́jú gbogbo àmì 1080 yẹn bó ṣe rí, ìṣẹ́jú kan péré yóò jẹ nǹkan bíi gígà 9. Ta ló ní àyè yẹn? Nítorí náà, ọgbọ́n oníṣòwò ni fóònù ń lò. Ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà Tchamba kì í tún gbogbo ọjà rẹ̀ kọ sínú ìwé lójoojúmọ́. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ohun tó tà àti ohun tó rà nìkan ló ń kọ. Fóònù náà ń tọ́jú odindi àwòrán kan, lẹ́yìn náà ohun tó yí padà nìkan. Tí ìyá àgbà bá jókòó níwájú ògiri, ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ ló ń yí padà, ògiri kò yí. Báyìí ni ìṣẹ́jú kan fi ń dín kù sí nǹkan bíi mẹ́gà 130 lórí ọ̀pọ̀ fóònù.

Ibi tí ọwọ́ wa ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí. Tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ògiri náà ń yí padà lójú ẹ̀rọ, gbogbo nǹkan di tuntun, àyè kò sì tó láti kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ fi fóònù ti nǹkan.

WhatsApp wá tún un dín kù lẹ́ẹ̀kejì, kó má bàa jẹ mẹ́gà yín tán. Tó bá sọ ọ́ di 848 sí 480, ìdá kan nínú márùn-ún àmì ló kù, kò sì sí ẹni tó lè dá ìyókù padà. Láti ọdún 2023, ẹ lè tẹ HD kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ó sàn jù, àmọ́ ó ṣì ń dín in kù. Ọ̀nà tí kò fi ní yí padà rárá ni kí ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi «Document». WhatsApp gba tó gígà 2 lọ́nà yẹn láti ọdún 2022. Ìṣẹ́jú 12 tèmi ì bá wọlé, nítorí nǹkan bíi gígà kan àbọ̀ ni. Òótọ́ ni pé yóò jẹ mẹ́gà púpọ̀, owó sì ni mẹ́gà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó yẹn, kó ra kádì. Kádì gígà 32 gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin irú fídíò yìí. Tí ẹ bá gbé e lọ sí Sokodé fún ẹni tó máa tò ó pọ̀, ẹ fún un ní ti inú fóònù, ẹ má fún un ní ti WhatsApp.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀: lámpù mìíràn ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nítorí iná mànàmáná wa, ìyẹn sì máa ń fa ìlà dúdú tó ń kọjá lójú fídíò alẹ́. Ẹ ya àgbàlagbà lọ́sàn-án, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

Àbúrò ìyá àgbà ṣì wà láàyè ní Kambolé, òun náà sì mọ oríkì yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé fóònù lé orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo jókòó ti màmá, mi ò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí wọ́n fi kì í tán. Ó wà nínú kádì méjì báyìí, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan nínú àpótí màmá.