Ṣúgà Ara Ẹ̀jẹ̀: Ohun Tó Ń Sọni Di A, B, AB tàbí O

Ìwé ìlàlóye fún àwọn aláboyún àti ọkọ wọn ní Ìlútítun àti agbègbè Okitipupa

Nígbà tí ẹ bá wá forúkọ oyún sílẹ̀, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń kọ sínú káàdì yín lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan ni jínòtáìpù: AA, AS, SS, AC. Èkejì ni ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀: A, B, AB tàbí O. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da méjèèjì pọ̀, ìdàpọ̀ yìí sì léwu.

Ẹ jẹ́ ká fi ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, ká bẹ̀rẹ̀ láti inú eegun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ di ẹ̀jẹ̀ ní láti ṣe àwọn pùròtéènì tí yóò wà lára awọ rẹ̀. Kí wọ́n tó parí pùròtéènì kan, àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ti to ṣúgà 14 jọ, wọ́n gbé e ka orí ọ̀rá kan tó ń jẹ́ dolichol. Ìṣùpọ̀ ẹ́ńsáìmù kan ló wá ń kó gbogbo 14 náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ pùròtéènì náà bó ṣe ń jáde. Kì í ṣe ibi tó bá ṣáà ti rí ló ń lẹ̀ wọ́n mọ́. Orí asparagine ni, ọ̀kan lára àwọn ègé tí a fi ń to pùròtéènì, níbi tí ègé serine tàbí threonine bá ti ṣe ìkejì lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí kò bá ti rí àmì yìí, kò ní fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn yóò gé lára ṣúgà yìí, tí wọ́n á fi òmíràn kún un, títí yóò fi yọ ẹ̀ka bí igi. Pùròtéènì tí wọ́n ń pè ní Band 3 ru irú igi bẹ́ẹ̀; ó tó mílíọ̀nù kan lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan péré. Ṣóńṣó ẹ̀ka ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ́ńsáìmù ẹni A ń fi ṣúgà N-acetylgalactosamine síbẹ̀, ti ẹni B ń fi ṣúgà galactose. Ẹni AB ní méjèèjì. Ti ẹni O kì í ṣiṣẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń wà láìsí àfikún. Èyí kì í ṣe àìsàn rárá. Ṣúgà orí ẹ̀ka yìí kì í ṣe ti àtọ̀gbẹ: ẹ jẹ púpurú, ẹ má jẹ ẹ́, ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ yín kò ní yí padà.

Ara a máa bá ṣúgà tí kò mọ̀ jà. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ A sí ẹni O lára, àwọn agbóguntàrùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fọ́ ẹ̀jẹ̀ A náà, ìyẹn sì lè pa ẹni náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kú báyìí kí Karl Landsteiner, dókítà ará Austria, tó ṣàlàyé rẹ̀ ní Vienna ní ọdún 1901. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1930, ó sì tọ́ sí i.

Jínòtáìpù ńkọ́? Inú hemoglobin, pùròtéènì inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, ni ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà. Kò kan ṣúgà yìí. Nítorí náà, ẹni O lè fẹ́ ẹni A láìbẹ̀rù. AS àti AS ni kí ẹ gba ìmọ̀ràn lé lórí kí ẹ tó fẹ́ra. Ẹ tún wo àmì Rh, ìyẹn (+) tàbí (−), tó tẹ̀lé lẹ́tà ìsọ̀rí yín. Bí ti ìyá bá jẹ́ àyọkúrò (−), ẹ bi nọ́ọ̀sì nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní anti-D.

Ẹ̀yin ìyá tó jẹ́ O, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí ọmọ bá jẹ́ A tàbí B, agbóguntàrùn yín lè gba ibi ọmọ kọjá, kó máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kì í sábà le, ṣùgbọ́n bí ojú tàbí ara ọmọ bá yí sí àwọ̀ ìyeyè láàárín wákàtí 24 tí ẹ bí i, ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe òru. Ẹ má sọ pé ẹ ó kọ́kọ́ yá a lóòrùn àárọ̀. Bí èròjà tó ń fa àwọ̀ yẹn bá pọ̀ jù, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.

Kí oṣù tó pé, kí ọkọ àti ẹbí náà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí ẹ lè mọ ẹni tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ bá nílò rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò yóò ṣì po ẹ̀jẹ̀ olùfúnni mọ́ ti aláìsàn wò kí wọ́n tó fà á síni lára. Ẹ má bínú sí wọn pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Bí ó bá sì jẹ́ ilé àgbẹ̀bí tàbí ti ìjọ ni ẹ fẹ́ bímọ sí, ẹ mú káàdì yín dání lọ.