Ìdí tí bàbà kò fi bá Curiosity lọ sí Mars

Ọkọ̀ Curiosity balẹ̀ sórí Mars ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń jẹ́ CheMin. Wọ́n á bu erùpẹ̀ fún un, wọ́n á jọ̀ ọ́ bí èlùbọ́ títí yóò fi kúnná ju mìlímítà 0.15 lọ, wọ́n á dà á sínú àpò tín-ín-rín kan tó ń gbọ̀n rìrì, wọn á wá tan X-ray gbà á kọjá.

Kírísítálì ni ọ̀pọ̀ nínú kóró erùpẹ̀ yẹn. Àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ bí ebè lóko, X-ray tó bá sì gba àárín wọn kì í jáde síbi tó wù ú. Àlùmọ́ọ́nì kọ̀ọ̀kan ní igun tirẹ̀, bí ilà ojú: ẹni tó mọ ilà á mọ ìlú tí onílà ti wá.

Inú túùbù ni X-ray ti ń wá, níbi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń sáré kọlu mẹ́táàlì kan. Ooru ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń ṣàn lẹ́yìn mẹ́táàlì ọ̀hún láìdúró ní yàrá ìwádìí. Ìwọ̀nba tó kù ló ń di X-ray, mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan sì ní gígùn ìgbì tirẹ̀: bàbà, angstrom 1.54; cobalt, 1.79; molybdenum, 0.71. Bàbà ni àyò, torí ooru kì í pẹ́ lára rẹ̀.

Irin ni kò bá a ṣe. X-ray bàbà ní agbára keV 8.05, bẹ́ẹ̀ 7.11 péré ti tó kí irin fúnra rẹ̀ máa tàn. Àfi bí ẹni tan tọ́ọ̀ṣì wá ọmọ lọ́jà alẹ́, tí gbogbo ọjà tan tiwọn padà sí i lójú. Ilà á rì. Ti cobalt kò ju 6.93 lọ, irin kò ní í dá a lóhùn. Irin tó dípẹtà ló sì mú Mars pupa, nítorí náà cobalt ni wọ́n fi sí CheMin. Kí oṣù Kẹwàá ọdún náà tó parí, ó ti ka feldspar, pyroxene àti olivine nínú erùpẹ̀ ibẹ̀, àfi bí ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín Hawaii.

Ilẹ̀ pupa tiwa náà kún fún irin. Ẹni tó gbé e dé yàrá tí bàbà nìkan wà kò ní láti gbé e padà: àwọn ẹ̀rọ agbàmọ́lẹ̀ tuntun lè ya ìtànná irin sọ́tọ̀. Ní tèmi, orí ẹ̀rọ agbàmọ́lẹ̀ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ náwó lé, torí tí a bá pààrọ̀ túùbù, a óò tún gbogbo ẹ̀rọ tò kó lè gún. Molybdenum máa ń wọnú jìn, àmọ́ àwọn ilà rẹ̀ há mọ́ra, ọ̀kan á gun orí èkejì. Cobalt náà sì ní tirẹ̀: gbé manganese síwájú rẹ̀, á tàn padà sí i bí irin ṣe ń tàn sí bàbà.