Ilé lórí táyà: kí ló wà nínú ọkọ̀ tí owó rẹ̀ ju 800 mílíọ̀nù sẹ́fà lọ?

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Àwọn òyìnbó kan ti sọ òwe yìí di òwò. Ní Jámánì, Ọ́sítríà, Hólàǹdì àti Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ wà tí iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ ilé sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Yàrá, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, inú àpótí kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá rà á lè wà á gba aṣálẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ àti òkè olókùúta kọjá fún ọ̀pọ̀ oṣù láì wọ ilé ìtura kankan.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà ni EarthRoamer, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ní 1998. Orí ọkọ̀ akẹ́rù Ford ni wọ́n ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú tiwọn sí. Èyí tó tóbi nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní HD, owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là lọ. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí owó tiwa, ó ju 800 mílíọ̀nù sẹ́fà lọ. Ìdílé kékeré kan ló sì ń gbé inú rẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ iye yìí lè rò pé wúrà ni wọ́n fi ṣe ibùsùn rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibùsùn rere wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun mẹ́ta ló ya ọkọ̀ yìí sọ́tọ̀: ó lè rìn níbi tí kò sí ọ̀nà, ó ní omi tirẹ̀, ó sì ní iná tirẹ̀. Ọ̀nà, omi, iná. Ohun mẹ́ta yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ abúlé wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, ń bẹ ìjọba fún lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ olówó yìí kan àwa náà.

Oko ló ti wá

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rí irú ọkọ̀ yìí máa ń rò pé ti ológun ni. Àmọ́ Unimog, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n fẹ́ràn láti máa gbé ilé lé, ọkọ̀ àgbẹ̀ ni níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ebi ń pa àwọn ará Jámánì. Albert Friedrich, tó ti ń bá ilé iṣẹ́ Daimler-Benz ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, ronú ọkọ̀ kan tó lè túlẹ̀, tó lè fa ẹrù, tó sì lè gbé irè oko lọ sí ọjà. Wọ́n dán an wò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1946.

Agbára ẹ́ńjìnnì àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tà kò ju agbára ẹṣin 25 lọ. Láti táyà ọ̀tún sí tòsì jẹ́ mítà 1.27, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni poro ànàmọ́ òyìnbó méjì ṣe fẹ̀ tó, kí táyà má baà tẹ ohun ọ̀gbìn mọ́lẹ̀. Ní 1951 ni Daimler-Benz bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìlú Gaggenau. Láti 2002, ìlú Wörth ni wọ́n ti ń ṣe é.

Bó ṣe ń rìn níbi tí kò sí ọ̀nà

Ohun tí àgbẹ̀ fẹ́ nínú ẹrọ̀fọ̀ náà ni arìnrìn-àjò fẹ́ nínú iyanrìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí a mọ̀, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Nínú tiwọn, gbogbo táyà ló ń yí, ìbáà jẹ́ mẹ́rin, ìbáà jẹ́ mẹ́fà. Irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì lábẹ́ Unimog kò gba àárín táyà kọjá bíi ti ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n wá fi jíà mú agbára rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí táyà. Nítorí náà, òkúta ńlá lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láì kàn án.

Wọ́n tún máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Táyà tó le gbagidi á rì sínú iyanrìn. Èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín á tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, awakọ̀ lè dín afẹ́fẹ́ kù tàbí kó fi kún un láti orí ìjókòó rẹ̀. Awakọ̀ tiwa tí ọkọ̀ rẹ̀ bá rì sí iyanrìn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láì náwó. Àmọ́ kó rí i dájú pé òun fẹ́ táyà náà padà kó tó sáré lórí ọ̀dà, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń gbóná, ó sì lè bẹ́.

Ọ̀rọ̀ tún kù. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń gba kòtò kọjá, irin gígùn abẹ́ rẹ̀ máa ń lọ́. Bí wọ́n bá de ilé mọ́ irin náà gbagidi, ògiri á là. Wọ́n wá fi irin tó lè yí gbé ilé náà dúró ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí irin ìsàlẹ̀ máa lọ́, kí ilé òkè sì dúró jẹ́ẹ́. Ìyá tó bá ti ru ẹrù lọ sí ọjà rí mọ ohun tí à ń sọ: iṣẹ́ òṣùká náà ni. Ilé iṣẹ́ Bliss Mobil ní Hólàǹdì tilẹ̀ ń ṣe ilé tirẹ̀ ní ìwọ̀n kọ̀ǹténà, kí wọ́n lè gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi bí wọ́n ṣe ń gbé kọ̀ǹténà.

Omi àti iná

Irú ọkọ̀ yìí lè ru ọgọ́rọ̀ọ̀rún lítà omi. Bí omi bá tán, inú kànga tàbí odò ni wọ́n ti lè fa òmíràn, nítorí pé àsẹ́ wà nínú rẹ̀. Àsẹ́ kan ń mú iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Òmíràn, tí wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe bí ìkòkò, ní ihò tín-ín-tín tí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí kò lè gbà kọjá. Èédú ń mú òórùn kúrò. Àwọn mìíràn tún fi iná UV pa kòkòrò tó bá ṣẹ́kù. Àmọ́ iná yìí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi tó dọ̀tí, torí kòkòrò á sá pamọ́ sẹ́yìn ìdọ̀tí. Sísẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ní ti iná, páńẹ́lì oòrùn ló bo òrùlé, bátìrì sì wà nísàlẹ̀. Àwọn ọkọ̀ EarthRoamer kì í gbé jẹnẹrétọ̀, wọn kì í sì í gbé gáàsì. Iná bátìrì ni wọ́n fi ń se oúnjẹ. Bátìrì lithium ni. Bátìrì òjé tí gbogbo wa mọ̀, bí a bá ń lo iná inú rẹ̀ kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kó tó kú. Lithium lè fún wa ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná rẹ̀, kí a sì tún fi iná sí i, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ó wọ́n ju ti òjé lọ lọ́jọ́ tí a bá ń rà á. Àmọ́ kí ìyá ẹlẹ́ja tó ń lo fìríìjì sólà, tó sì ń pààrọ̀ bátìrì lemọ́lemọ́, jókòó ṣírò rẹ̀ wò.

Ohun tí kò lè gbé

Síbẹ̀, ọkọ̀ yìí kò lè dá wà. Èyí tó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù 10 lọ lè mu lítà 25 epo tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí kìlómítà 100. Kì í sì í ṣe gbogbo dísẹ̀lì ló lè mu. Ẹ́ńjìnnì tuntun ti Yúróòpù ń fẹ́ dísẹ̀lì tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kéré gan-an, àti omi AdBlue tí wọ́n fi ń fọ èéfín. Bí imí ọjọ́ bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín á bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò tó ń bọ̀ ní Áfíríkà fi ń wá ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti pẹ́. Kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ dísẹ̀lì àlòkù ní Kútọnu fi èyí sọ́kàn: èyí tó tuntun jù lè má bá epo ẹ̀gbẹ́ títì mu.

Owó kò sì lè ra àlàáfíà. Láàárín 1970 sí 1990, àwọn òyìnbó máa ń wa Peugeot 504 àti ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes la Sàhárà kọjá, láti Algeria gba Tamanrasset àti Agadez, wọ́n á sì tà wọ́n ní Niger, ní Tógò àti ní orílẹ̀-èdè wa níbí. Ogun abẹ́lé Algeria ba ọ̀nà yẹn jẹ́. Ní 2003, wọ́n jí arìnrìn-àjò 32 gbé ní aṣálẹ̀ Algeria. Ní 2008, wọ́n fagi lé eré ìje Dakar nítorí ewu tó wà ní Mauritania, wọ́n sì gbé eré náà lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní báyìí, àwọn tó ń ti Yúróòpù bọ̀ máa ń rọ̀ mọ́ ìhà etíkun: Morocco, Mauritania, Senegal, Guinea, Côte d'Ivoire, Ghana, Tógò, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, kí wọ́n sì kọjá sí Nàìjíríà.

Kí oníṣòwò tó wà lójú ọ̀nà mọ èyí: ẹni tó gbé ilé pọ̀n kò wá yàrá. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó ní ààbò ló ń wá, àti omi tó mọ́, tòmátì, ẹyin, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, búrẹ́dì gbígbóná, àti wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ nígbà tí irin bá ṣẹ́.

Kí ni tiwa níbẹ̀?

Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló ń san ju 800 mílíọ̀nù lọ kí wọ́n lè gbé kànga, iná àti ọ̀nà tiwọn káàkiri. Abúlé kì í rìn. Kò nílò ẹ́ńjìnnì, kò nílò táyà mẹ́fà. Àsẹ́ omi, páńẹ́lì àti bátìrì náà lè dúró sójú kan, kí gbogbo ìlú sì jọ lò ó. Ọkọ̀ wọ̀nyí ti fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ nínú ooru àti eruku.

Àmọ́ ohun kan wà tí owó wọn ń rà tí a kì í sábà kà sí. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà mọ ọjọ́ tó yẹ kó pààrọ̀ àsẹ́ omi rẹ̀. Ó ń nu eruku orí páńẹ́lì. Ó gbé ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó lè bàjẹ́ dání kó tó kúrò nílé, nítorí ó mọ̀ pé bí omi bá dá sí aṣálẹ̀, ikú ni. Ẹ̀rọ omi abúlé mélòó ló ní ẹni tó mọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò? Mélòó ló ti dákẹ́ nítorí rọ́bà kékeré kan?

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún gbé ẹ̀rọ omi tàbí sólà wá sí ìlú wa, kí a tó pàtẹ́wọ́, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a bi àwọn tó gbé e wá, kí a sì bi ara wa: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, níbo ni a ti máa ra ẹ̀yà ara rẹ̀, ta ló sì ń tọ́jú owó tí a ó fi rà á? Kí a yan ẹni náà lójú gbogbo ìlú, kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó náà lọ́jọ́ ọjà tó bá tẹ̀ lé e.