Síso Gúlóòbù Ojú Mítà nínú Volkswagen Ìjàpá

Oríṣi gúlóòbù méjì lẹ́yìn mítà Ìjàpá ni a fẹ́ yà sọ́tọ̀, nítorí pé síso wọn kò dọ́gba. Gúlóòbù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí mítà ń gba iná láti wáyà 58. Ara irin ọkọ̀, ìyẹn 31, ni iná náà ń gbà padà. Ṣùgbọ́n gúlóòbù pupa wà láàrin wáyà 15 láti ibi kọ́kọ́rọ́ àti wáyà 61 láti ọ̀dọ̀ dáínámò. Bí a bá so ó mọ́ irin ọkọ̀, yóò máa tàn ṣáá.

Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí dáínámò àti fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá já nígbà tí gúlóòbù pupa ti kú, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ kí awakọ̀ tó fura. Nítorí náà, bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ tí pupa kò tàn, kí a má ṣe pè é ní àlàáfíà.